Òòfà Wo Ló Wà Nínú Gibson Ọdún 1959 Gan-an?

Ìbéèrè tó dé sọ́wọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ (Les Paul jẹ́ gìtá oníná Gibson; píkọ́ọ̀pù ni ohun tó wà lábẹ́ okùn gìtá, tó ń fi òòfà àti wáyà gbé ìró okùn; Alnico sì ni irú òòfà kan tó máa ń wà nínú rẹ̀):

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá oníná kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n ṣe bíi Les Paul ọdún 1959. Igi rẹ̀ dára, ọrùn rẹ̀ sì bá ọwọ́ mi mu, ṣùgbọ́n ohùn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ń dun etí bí ìgbà tí èèyàn ń ha páànù. Mo fẹ́ pààrọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì inú wọn kó lè rí bí tayé àtijọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Alnico 2 ni Gibson lò. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní Alnico 5 ni. Ẹlòmíràn tún ní Alnico 4. Ta ni kí n gbà gbọ́? Stratocaster kan tún wà nílé, ṣé mo lè ṣe òun náà bẹ́ẹ̀?"

Àbúrò mi, kò sí ẹni tó parọ́ fún ọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé olúkúlùkù wọn rò pé tòun nìkan ló wà. Ní ilé iṣẹ́ Gibson ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, láàárín 1957 sí 1960, kò sóhun tó jọ pé òòfà báyìí nìkan ni kó wọ píkọ́ọ̀pù báyìí. Bí a bá tú àwọn humbucker ìgbà náà wò, ìyẹn píkọ́ọ̀pù tó ní wáyà wíwé méjì láti pa ariwo iná, Alnico 2 wà nínú òmíràn, 3 wà nínú òmíràn, 4 àti 5 náà kò gbẹ́yìn. Kódà, méjì tó wà lára gìtá kan ṣoṣo lè máà bára mu. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ṣe é bó ṣe rí láyé ìgbà náà, fi í sọ́kàn pé aláìdọ́gba ló rí.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀. Seth Lover ló ṣe humbucker náà fún Gibson. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1955 ni wọ́n fi ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1959 ni ìjọba sì tó fọwọ́ sí i. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bébà kékeré kan mọ́ abẹ́ píkọ́ọ̀pù náà láti sọ pé àwọn ti béèrè fún ẹ̀tọ́: "Patent Applied For". Lẹ́tà tó ṣáájú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú bébà yẹn ló di orúkọ tí gbogbo wa ń pè é, PAF. (Nígbà tí wọ́n wá fi nọ́ńbà ẹ̀tọ́ rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ kì í tilẹ̀ ṣe ti píkọ́ọ̀pù. Ti irin ìdíkùn (ibi tí a so ìdí okùn mọ́ lára gìtá) tí Les Paul fúnra rẹ̀, onígìtá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gìtá náà, gba ẹ̀tọ́ fún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Títí dòní ni àwa tí a ń tún gìtá ṣe ṣì ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.) Lover sọ fún àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pé òòfà tí àwọn bá rí rà lọ́jà ni àwọn ń lò. Ohun tó sì fẹ́ ṣe kò ju kó pa ariwo hùùù tí iná máa ń dá lọ. Kò mọ̀ pé ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà yóò máa jà lórí òòfà tó wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí òòfà fi ń wọ́n lọ́jà nígbà míì? Wo orúkọ Alnico dáadáa: alumíníọ́ọ̀mù, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì ni wọ́n pa pọ̀, irin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú bàbà díẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kóbọ́ọ̀tì ló wọ́n jù. Congo tó wà lábẹ́ Belgium nígbà náà, ní agbègbè Katanga, ni èyí tó pọ̀ jù nínú kóbọ́ọ̀tì tí ayé ń lò ti ń jáde. Nígbà ogun Korea, láti 1950 sí 1953, ìjọba Amẹ́ríkà ń pín in ní ìwọ̀n ni, nítorí pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú àti ohun ìjà ń fẹ́ ẹ. Èyí wà lára ohun tí àwọn èèyàn fi ń ṣàlàyé bí Alnico 3, tí kò ní kóbọ́ọ̀tì rárá, ṣe pọ̀ nínú gìtá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní 1978. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Shaba, ìyẹn Katanga yẹn kan náà, owó kóbọ́ọ̀tì fò sókè, àwọn tó ń ṣe sípíkà sì pa Alnico tì, wọ́n kó lọ sídìí òòfà sẹ̀rámíìkì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé gìtá oníná kò kan ilẹ̀ Áfíríkà, ní kó tú píkọ́ọ̀pù wò.

Ó yá, nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Alnico 5 ní kóbọ́ọ̀tì bíi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, Alnico 2 ní bíi 13, Alnico 4 ní bíi 5, Alnico 3 kò ní rárá. Wọ́n tún máa ń gbé Alnico 5 sáàárín agbára òòfà ńlá kan nígbà tó bá ń tutù lẹ́yìn iná, kí gbogbo agbára rẹ̀ lè kọjú síbì kan. Ìdí nìyẹn tó fi ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Nínú ìwé àwọn tó ń rọ òòfà, agbára tó ń kù sínú Alnico 5 tó nǹkan bíi 12,800 gauss (òṣùwọ̀n agbára òòfà), ti Alnico 2 jẹ́ 7,500, ti Alnico 3 jẹ́ 7,000, ti Alnico 4 sì jẹ́ 5,600.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n á wo ìwé yẹn, wọ́n á ní Alnico 4 ló rẹlẹ̀ jù. Rárá o. Ọ̀pá pẹlẹbẹ ni òòfà humbucker, etí gbọọrọ rẹ̀ méjèèjì ni ìhà àríwá àti ìhà gúúsù wà, nítorí náà ọ̀nà tí agbára ń gbà láti etí kan dé èkejì kúrú gan-an. Òòfà tó bá kúrú báyìí máa ń fẹ́ tú agbára ara rẹ̀ ká, èyí tó bá lágídí ló ń di tirẹ̀ mú. Alnico 4 ló lágídí jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá wá wọ̀n wọ́n nínú humbucker gan-an, Alnico 3 ni ọ̀lẹ, 2 àti 4 ń sún mọ́ ara wọn, 5 sì ń ṣíwájú.

Ohùn wọn ńkọ́? Etí mi ni n ó fi sọ ọ́, kì í ṣe ìwé. Alnico 5 máa ń jẹ́ kí okùn ìsàlẹ̀ dúró gírí, orí ohùn a sì mọ́ kedere. Bí ámpílífáyà bá ti ń ké tẹ́lẹ̀, á tún ké sí i. Alnico 2 rọ̀, bí o bá fa okùn le, ó máa ń gbà fún ọ díẹ̀ kó tó dáhùn, bí ẹni tó joko lórí tìmùtìmù. Alnico 4 wà láàárín, kò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún ohùn, kò sì yọ nǹkan kúrò. Alnico 3 mọ́ gaara ṣùgbọ́n kò lágbára, mo fẹ́ràn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn gìtá, n kò fẹ́ràn rẹ̀ níbi ìdíkùn.

Fún ìwọ, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni kí n fi Alnico 4 sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kí n fi Alnico 2 síbi ìdíkùn. Ìdíkùn ló ń ha páànù létí rẹ, Alnico 2 á tu ibẹ̀ lára. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ló sì máa ń ṣú bí òòfà bá rọ̀ jù. Bí o bá ń ta gìtá tó mọ́, tó ń já pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ láàárín ìlù, irú èyí tí àwọn onígìtá jùjú ń fi dá ara wọn lóhùn, fi Alnico 5 sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, o kò ní kábàámọ̀. Kò sí èyí tó jìnnà sí òtítọ́ nínú méjèèjì, ọdún 1959 gba gbogbo wọn.

Ohun tí ọdún 1959 kò gbà ni òòfà kúkúrú. Èyí gan-an ni kí o fi bá ẹni tó ń tà á jiyàn, kì í ṣe nọ́ńbà. Òòfà PAF ìbẹ̀rẹ̀ gùn tó íńṣì 2.5, ìyẹn mìlímítà 63.5, ó fẹ̀ tó ìdajì íńṣì, ó sì nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì. Nígbà tó di nǹkan bí 1961, Gibson gé e kúrú, ibẹ̀ náà ni Alnico 5 ti wá di èyí tí wọ́n ń lò jù. Bí ẹni yẹn bá ta òòfà kúkúrú fún ọ pé ti 1959 ni, ti 1961 sókè ló tà fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ara rẹ̀ tọ̀nà. Mú rúlà dání. Ara tó rí gbágungbàgun bí ohun tí wọ́n dà nínú iyanrìn wà lára ti àtijọ́, ó wu ojú, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ kankan nínú ohùn nítorí pé wọ́n dán an tàbí wọn ò dán an. Má ṣe san owó gegere nítorí ìyẹn.

Kí o tó ra ohunkóhun, kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Ohùn páànù tí o sọ yẹn jọ ti sẹ̀rámíìkì létí mi. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ ni mítà: gbé e sí ibi tí a fi ń wo bóyá iná ń kọjá, fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan òòfà náà. Alnico jẹ́ irin, iná á kọjá, mítà á ké. Sẹ̀rámíìkì kò gba iná. Wo wáyà náà pẹ̀lú. PAF lo wáyà tín-ín-rín tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 42, tí ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà náà, tó dúdú tó tún pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, a sì sábà máa ń ka nǹkan bíi kílóóòmù 7 sí 9 (òṣùwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná) lára rẹ̀. Ó yàtọ̀ síra wọn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú àti àfojúdíwọ̀n ni àwọn tó ń wé e fi ń mọ̀ ìgbà tó tó. Bí mítà bá ka kílóóòmù 14 lára tìrẹ, wáyà tó pọ̀ jù ló wà níbẹ̀, kò sí òòfà tó lè sọ ọ́ di ti 1959. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ra píkọ́ọ̀pù tuntun, kí o fi owó òòfà jẹ dòdò.

Ká ní wáyà rẹ̀ dára. Yọ píkọ́ọ̀pù náà kúrò lára gìtá, yọ́ òjé méjì tó di ìdérí mú mọ́ abẹ́, fi sùúrù yọ ìdérí. Bí wọ́n bá ti rì í sínú ìda, fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, má ṣe jẹ́ kó gbóná, nítorí pé ike tí a wé wáyà mọ́ lè tẹ̀. (PAF àtijọ́ kò ní ìda nínú, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi máa ń súfèé bí o bá dúró níwájú ámpílífáyà.) Súkúrúù kékeré mẹ́rin wà lábẹ́. Tú wọn díẹ̀, má yọ wọn tán. Òòfà á lè yọ́ jáde láti ẹ̀gbẹ́.

Dúró níbẹ̀! Kó tó jáde, fi bírò sàmì sí etí tó kọjú sí ìhà súkúrúù orí píkọ́ọ̀pù. Òòfà tuntun gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ti àtẹ̀yìnwá kọjú sí. Bí o bá yí ọ̀kan sódì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣì dún dáadáa fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá tan méjèèjì pọ̀, wọ́n á máa pa ara wọn lóhùn. Ohùn á tín-ín-rín, á máa bọ̀ láti imú. Les Paul 1959 ti onígìtá Peter Green, tó padà di ti onígìtá Gary Moore, ní irú ohùn yìí, òòfà tó kọjú sódì ni wọ́n sì ń tọ́ka sí pé ó fà á. Bí ìyẹn bá wù ọ́, ó dára, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kọ́ńpáàsì kékeré á yanjú rẹ̀: abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà níwájú súkúrúù píkọ́ọ̀pù méjèèjì.

Má ṣe jẹ́ kí òòfà Alnico méjì fi ìhà kan náà ti ara wọn. Wọ́n á tú agbára ara wọn ká, o kò sì ní mọ̀ títí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ámpílífáyà rẹ.

Ọ̀rọ̀ Stratocaster yàtọ̀ pátápátá, mo sì bẹ̀ ọ́, má ṣe gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú humbucker, abẹ́ ni òòfà wà. Nínú píkọ́ọ̀pù Fender, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Stratocaster, àwọn ọ̀pá mẹ́fà tí o rí lórí gan-an ni òòfà, ara wọn ni wọ́n sì wé wáyà mọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ti ọ̀pá kan ṣoṣo láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ "kẹ́" kékeré kan, kò dún ju bí ìgbà tí irun já lọ. Mítà kò ka nǹkan kan mọ́. Owó ara mi ni mo fi wé wáyà mìíràn fún onígìtá náà. Bí o bá fẹ́ òòfà mìíràn nínú Strat, odindi píkọ́ọ̀pù ni kí o rà tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wé e látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Strat olówó pọ́ọ́kú kò tilẹ̀ ní òòfà nínú ọ̀pá rẹ̀; irin lásán ni ọ̀pá náà, ọ̀pá sẹ̀rámíìkì kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́.

Ní ti ọdún, ó rọrùn ju ti Gibson lọ. Gìtá Broadcaster ọdún 1950 àti àwọn tó tẹ̀lé e tí Fender ṣe ní Fullerton, California, Alnico 3 ni wọ́n ń lò, orí ọ̀pá wọn sì dọ́gba. Stratocaster dé ní 1954. Àwọn kan nínú ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ní Alnico 3, nígbà tó máa fi di àárín ọdún 1950 sí 1960, Alnico 5 ti gba ibẹ̀. Ìyàtọ̀ Alnico níbí hàn ju ti humbucker lọ, nítorí pé òòfà fúnra rẹ̀ ló wà nínú ikùn wáyà. Alnico 5 kì í ṣe alágbára lásán; kì í tún jẹ́ kí ohùn òkè ṣú bí Alnico 3 ṣe lè jẹ́ kó ṣú. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà kì í sọ. Ọ̀pá Strat àtijọ́ ga ju ara wọn lọ, ti okùn G sì ga gan-an, nítorí pé okùn G ìgbà náà jẹ́ èyí tí wọ́n wé wáyà mọ́ lára. Okùn G tí gbogbo wa ń lò lónìí jẹ́ aláìwé, ó sì máa ń ké ju àwọn yòókù lọ lórí ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Bí o bá ra píkọ́ọ̀pù tó tẹ̀lé àtijọ́ láìyẹsẹ̀, ra okùn àtijọ́ mọ́ ọn, tàbí kí o fara da igbe G. Èmi ò fara dà á. Ọ̀pá tó dọ́gba ló wà nínú tèmi. Bí Alnico 5 bá sún mọ́ okùn jù pẹ̀lú, ó máa ń fà á mọ́ra, ohùn kan á wá máa dún bíi méjì tí kò bára mu. Sọ píkọ́ọ̀pù kalẹ̀ díẹ̀, á tán.

Wọ́n á tún sọ fún ọ pé òòfà àtijọ́ ti rẹ̀, pé kí o ra èyí tí wọ́n ti yọ díẹ̀ kúrò nínú agbára rẹ̀ kó lè dà bí arúgbó. Alnico kì í gbó bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá gbé òòfà mìíràn tì í, tí a kò sì jù ú mọ́lẹ̀, ohun tó ń pàdánù ní ọgọ́ta ọdún kéré gan-an. Bí ohùn òòfà tí wọ́n dín kù bá wù ọ́, rà á nítorí ohùn rẹ̀.

Ra Alnico 2, 4 àti 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ní gígùn íńṣì 2.5. Má tíì fi òjé di ìdérí padà. Fi ọjọ́ méjì mẹ́ta ta gìtá pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín gan-an, pẹ̀lú ìlù àti dùùrù, kì í ṣe nínú yàrá nìkan. Tọ́jú òòfà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sínú àpò bébà, kí o kọ ibi tí o ti yọ ọ́ sí ara rẹ̀. Bí mítà bá ka ju kílóóòmù 10 lọ, kọ̀wé sí mi kí o tó náwó.